Àga Ọjọ́ Sátidé

Ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́, mo sì jù ú nù láìtíì fọwọ́ kan eyín ẹnikẹ́ni. Ìbọ̀wọ́ kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Aago mẹ́sàn-án ni mo dá fún ẹni àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án ààbọ̀ fún ìkejì, mẹ́wàá fún ìkẹta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti fèsì sí àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ẹni àkọ́kọ́ kọ "Yes sir." Ìkejì kọ "Mò ń bọ̀, Dádì." Ìkẹta kọ "Àmín."

Mo wo Àmín yẹn títí. Mi ò gbàdúrà fún un. Ohun tí mo kọ ni pé kí ó wá ní aago mẹ́wàá kí n lè dí ihò tó wà nínú eyín rẹ̀.

Dókítà eléyín ni mí ní Torino. Padova ni mo ti kọ́ṣẹ́ náà, nígbà tí èmi àti aya mi ń gbé inú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé tì, tí òun ń fọ aṣọ ibùsùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kí n lè ráyè kàwé. Títí di òní, èmi àti dottoressa kan, dókítà eléyín obìnrin, ọmọ Torino gidi, la jọ ni studio, ilé ìwòsàn eyín, tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, àwọn Òyìnbó ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á dé kí àkókò tó pé, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé báàgì lé orúnkún. Sátidé jẹ́ ti àwọn èèyàn wa. Aya mi ló dá a sílẹ̀. Ó ní, "Dókítà, àwọn tiwa ò lè gbàyè níbi iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí eyín wọn, Sátidé ni."

Òun ló ń jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tó ń kọ orúkọ sínú ìwé ńlá kan tó ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ló máa ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí pé, "Ṣé ẹ ó wá?" Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Bí mo bá béèrè, 'bẹ́ẹ̀ ni' ni wọ́n máa sọ. Ta ló fẹ́ sọ rárá fún àgbà? Kí ni mo fẹ́ fi 'bẹ́ẹ̀ ni' ṣe?" Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé, "Ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ sè lọ́jọ́ Sátidé?"

Ẹni tó bá dáhùn pé ẹ̀gúsí ni, pé àbúrò òun ń bọ̀ láti Bologna pẹ̀lú àwọn ọmọ, aya mi á ti mọ̀ pé ẹni yẹn kò ní wá, á sì sún un sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí ẹni náà tó ní àǹfààní láti purọ́. Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní magazzino ní Piacenza, ilé ìkẹ́rù tó tóbi bí àdúgbò kan. Òun á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Mummy, èmi lẹ ń bi léèrè ọbẹ̀?" Aya mi á ní, "Ṣé ẹ̀yin ò ní jẹun ni?" Nígbà náà ni ọkùnrin yẹn á wá sọ pé aago mẹ́fà àárọ̀ ni turno, àsìkò iṣẹ́ òun, máa parí, pé òun á sùn díẹ̀ kí òun tó wá nǹkan jẹ. Aya mi á kọ aago méjìlá síwájú orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò pa á jẹ rí.

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ilé ìwòsàn ni èyí, kì í ṣe ilé ìdáná.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni àìsàn fi ṣe é, láti ìparí oṣù kẹsàn-án. Mi ò ní kọ nípa ìyẹn síbí. Nígbà tí a sin ín, ìjọ kún bámúbámú, àwọn kan dúró síta nínú òjò. Nínú oṣù kìn-ín-ní mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn Òyìnbó mi wá bí wọ́n ṣe ń wá. Sátidé ni kò sẹ́ni. Àga iṣẹ́ á wà ní nínà gbọọrọ, iná orí rẹ̀ á wà ní títàn, n óò dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Àga kejì, ti ẹnu ọ̀nà, ni n kì í fẹ́ wò. Súẹ́tà aya mi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó máa ń wọ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Ọmọbìnrin wa, tó ń gbé ní Bologna, ló fi ètò sórí fóònù mi tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi ń lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ń fèsì, wọn ò sì ń wá, ó ní, "Papà, sono fatti così. Lascia perdere." Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, kí n fi wọ́n sílẹ̀. Èdè Yorùbá ni mo fi bá a sọ̀rọ̀, èdè Itálì ló fi dá mi lóhùn, bó ti máa ń ṣe láti kékeré. "Wọ́n" tó sọ yẹn dùn mí. Mo bi í léèrè pé ta ló bí òun fúnra rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kejì, dottoressa ti ilẹ̀kùn yàrá mi kó tó sọ̀rọ̀, mo sì ti mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ kò dára. Dókítà ọ̀dọ́ kan wà tó ń to eyín àwọn ọmọdé, ó ń wá àyè lọ́jọ́ Sátidé. Bí Sátidé mi bá ṣì ṣófo títí di Àjíǹde, ǹjẹ́ kò ní dára ká gbé e fún un? Ó fi sùúrù sọ ọ́. Mo ní ó yé mi. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé nínú gbogbo ohun tí aya mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí, Sátidé nìkan ló ṣẹ́ kù. Aṣọ rẹ̀ ti lọ sí Bologna. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìwé Yorùbá ní ìjọ ti ní olùkọ́ mìíràn. Bí Sátidé bá lọ, a jẹ́ pé ó ti tán nìyẹn.

Nítorí náà, mo bínú. Mo ń bínú lọ sùn, mo ń bínú jí. Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn tí kò wá lánàá ni wọ́n máa ń kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, Dádì." Kò sẹ́ni tó máa mẹ́nu ba eyín. Obìnrin tó ti pa àdéhùn jẹ nígbà mẹ́ta ló gba báàgì Bíbélì lọ́wọ́ mi tó gbé e dé ibùdókọ̀ tram, tó sì dúró títí tí tram fi dé. Mo mọ ihò tó wà nínú ẹnu gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Bí wọ́n bá ń kọrin, mi ò gbọ́ orin náà mọ́. Mò ń ka eyín ni. Ẹni yẹn, òsì lókè. Ẹni yìí, ẹ̀yìn pátápátá, yóò di ọyún kí òjò ìrúwé tó tán.

Obìnrin tó gbé báàgì mi yẹn ló ń dùn mí jù lọ. Badante ni, ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan ní ilé ìyá náà, ibẹ̀ ló sì ń sùn. Nínú oṣù kẹsàn-án, mo ti fọ gbòǹgbò eyín rẹ̀ kan, mo sì fi nǹkan dí ihò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kí a tó yọ ọ́, kí a fi èyí tó máa pẹ́ síbẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́fà. Mo kọ̀wé sí i nínú oṣù kìn-ín-ní, nínú oṣù kejì, nínú oṣù kẹta. "Mò ń bọ̀, Dádì." Òun ni ẹnì kejì láàárọ̀ Sátidé tí mo ń sọ yìí.

Mo ti ilẹ̀kùn studio ní aago méjìlá. Gààrí ti tán nílé, mo bá wọ tram lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àwọn èèyàn wa, ibùdókọ̀ méjì péré. Oníṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí òun náà jẹ́ ọmọ ìjọ wa, ń fi ayùn gé ẹja dídì lórí káńtà. Lẹ́yìn àwọn àpò ìrẹsì, mo rí obìnrin kan tó fi ìborùn wé orí mọ́ àgbọ̀n. Bó ti rí mi ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń wo ìdí pẹpẹ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sọ nù. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó gbé báàgì mi ni.

"Ẹ káàsán o."

"Ẹ káàsán, Dádì." Ìdajì ẹnu ló fi sọ ọ́.

"Kí lẹ ń wá nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Tòmátò, sà."

"Òkè ni tòmátò wà. Ẹ tú ìborùn yẹn."

"Òtútù ló ń mú mi, sà."

"Ẹ tú u."

Ó tú u. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ti wú, awọ rẹ̀ ń dán. Òórùn kànáfùrù tó ti fi há eyín ta sí mi nímú.

"Ẹ la ẹnu."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù níbí, Dádì?"

Oníṣọ́ọ̀bù dá ayùn dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ má fa eyín sórí káńtà mi o. Ìwé ẹja ni ìjọba fún mi, wọn ò fún mi níwèé eyín."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dá ọjọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ní ẹ ń bọ̀. Mo sì dúró."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mò ń bínú. Kí ló dé tí ẹ ò wá?"

Ó wo oníṣọ́ọ̀bù. Oníṣọ́ọ̀bù wo ẹja. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà ní, "Madam, ẹ kúkú sọ fún wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti òwúrọ̀."

"Kì í ṣe èmi nìkan, sà," ni obìnrin náà wí. "Gbogbo wa ni. Lẹ́yìn tí Mummy lọ, àwọn ìyá ìjọ pè wá jọ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó rẹ̀, kò yẹ ká máa gbé ẹnu jíjẹrà lọ bá a ní Sátidé. Wọ́n ní ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ti tó fún yín, ká jẹ́ kẹ́ ẹ fi Sátidé sinmi. Kí ọdún yípo ná."

"Ta ló sọ fún wọn pé mo fẹ́ sinmi?"

Oníṣọ́ọ̀bù tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹja.

"Kí ló wá dé tí ẹ ń kọ̀wé pé ẹ ń bọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ pè wá, sà. Àgbà pè wá, ká wá ní a ò ní wá? Ẹnu wo la fẹ́ fi sọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ Àmín," ni oníṣọ́ọ̀bù sọ láìgbé ojú sókè. "Mo rò ó pé ó sàn ju irọ́ lọ."

Ó yẹ kí inú mi rọ̀ nígbà yẹn. Bóyá ẹlòmíràn, inú rẹ̀ ìbá rọ̀. Tèmi túbọ̀ ru ni. Tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀lẹ, tí wọ́n bá jẹ́ ẹni tí kò ka ìlérí sí, mo mọ bí mo ṣe lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jókòó ṣèpàdé lórí mi, wọ́n fi ìfẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ pa á mọ́ fún mi. Ìsinmi tí wọ́n fún mi ni kí n máa gbọ́ ìró aago ara ògiri lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti súẹ́tà òkú. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò dákẹ́ rárá, "bẹ́ẹ̀ ni" ni wọ́n ń dáhùn, tara wọn sì ń jẹrà lábẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn.

Mo ní, "Ẹ gbé báàgì yín. A ń lọ."

"Signora mi ń retí mi láago méjì, sà."

"Ẹ pè wọ́n."

Ó pe ìyá arúgbó náà nínú tram. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Signora, il dentista mi ha preso." Dókítà eléyín ti mú òun. Bí ẹni tí ọlọ́pàá mú ló ṣe sọ ọ́, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nínú fóònù, pé kó rọra, kó má forúkọ sí ìwé kankan.

Nígbà tó jókòó sórí àga, tí mo tan iná sí ẹnu rẹ̀, mo rí i pé ohun tí mo fi dí i ti bọ́ tipẹ́. Eyín náà ti sán dé ìsàlẹ̀ erìgì, ọyún sì ti kún ibẹ̀. Eyín tí a lè gbà là nínú oṣù kìn-ín-ní. Mo gún un lábẹ́rẹ́, mo dúró kí ibẹ̀ kú, mo tú ọyún náà jáde, mo sì fa eyín. Ní gbogbo àkókò yẹn, mò ń bá a wí. Àǹfààní kan tó wà nínú iṣẹ́ wa ni pé ẹni tí a ń bá wí kò lè fèsì. Mo sọ fún un pé ọ̀wọ̀ tí kò jẹ́ kí èèyàn la ẹnu, eyín ni yóò fi san án. Mo ní kó lọ sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé mo kí wọn, pé ọwọ́ mi kò kú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eyín, nítorí abẹ́rẹ́ ti mú un dáadáa. Mi ò dákẹ́.

Mo fi owú há a lẹ́nu, mo kọ oògùn fún un, mo sì jáde sídìí tábìlì láti kọ ohun tí mo ṣe sínú ìwé aláwọ̀ ewé. Mo ṣí i padà sẹ́yìn láti wá orúkọ rẹ̀. Pẹ̀lú ìkọ̀wé aya mi ni mo bá a: ọjọ́ tí mo fọ gbòǹgbò eyín náà, àti lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kó padà wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, aago mẹ́wàá. Nínú oṣù kẹwàá ni. Mo ka ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ní ọsibítù ni mo wà. Studio wà ní títì, kò sì sẹ́ni tó rántí pe ẹnikẹ́ni. Ó dájú pé obìnrin yìí ti wá sí ẹnu ọ̀nà yìí láago mẹ́wàá, ó ti bá ilẹ̀kùn ní títì, ó sì padà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa àdéhùn jẹ, èmi ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń bá a wí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó mọ̀. Kò sọ ọ́.

Ó ti jáde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó na ọwọ́, ó tún èjìká súẹ́tà náà ṣe lórí àga, bí a ti ń tún ti ọmọdé ṣe.

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀. Owú wà lẹ́nu yín." Lẹ́yìn náà mo ní, "Mo rí ti oṣù kẹwàá." Ó kàn mi orí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dé studio ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí mo dá aago mẹ́sàn-án fún wà níbẹ̀. Ẹni tí mo dá aago mẹ́ta ọ̀sán fún náà wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́tàlá ni wọ́n, pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ méjì tí kò sí eyín tó ń dùn wọ́n. Ẹnì kan gbé fúláàsì ìrẹsì wá. Oníṣọ́ọ̀bù gbé ẹja wá, ẹja dídì, tó ti ń yọ́ sílẹ̀. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Dádì." "Ẹ kú ìrọ́jú, sà."

"Ta ló ní kí gbogbo yín wá láago mẹ́sàn-án?"

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní, "Ẹ ní ká wá, a wá. Ẹ tún ń bínú?"

"Mò ń bínú, ma. Àkókò ni mo kọ síwájú orúkọ kálukú."

"Ẹ máa bínú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣílẹ̀kùn, òtútù ń mú wa."

Dottoressa ti wá láàárọ̀ yẹn kan náà láti wọn yàrá mi fún dókítà ọ̀dọ́ yẹn, nítorí àpótí irinṣẹ́ ọ̀dọ́ náà kò ní gba ibi tí tèmi wà. Ó dúró lọ́nà pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́, ó ń wo gèlè, ó ń wo fúláàsì. "Dottore, ìgbéyàwó ni?" Mo ní rárá, appuntamento ni, àdéhùn. Ó wo ẹja tó ń kán sílẹ̀. Ó ká okùn ìwọ̀n rẹ̀ sápò, ó ní òun á bá ọ̀dọ́ náà sọ ọ́, pé kó wá àyè sí ọjọ́ mìíràn.

Ẹni mẹ́sàn-án ni mo rí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo mú ìwé láti wo ẹni tí kò wá. Ọkùnrin Piacenza wà lára àwọn tí kò wá. Aago mẹ́wàá ni ètò orí fóònù fún un, láìwo ìgbà tí turno rẹ̀ ń parí. Èsì tó kọ ni "Yes sir."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo ní kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà dúró. Mo jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà, èyí tí mi ò tíì jókòó sí rí, súẹ́tà wà lẹ́yìn mi. Mo pe ọkùnrin Piacenza.

"Dádì! Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ má bínú, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣèlérí."

Mo ní, "Mi ò tíì bi yín. Ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ sè lọ́jọ́ Sátidé?"

Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, tó ń ké bó ti ń rìn sẹ́yìn.

"Sátidé yìí, sà," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "wọ́n ti fi turno kún turno fún mi. Mi ò ní ráyè se nǹkan kan. Rárá, sà. Mi ò ní lè wá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fa ìlà sí aago mẹ́wàá, mo ṣí ìwé sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sì kọ aago méjìlá síwájú orúkọ rẹ̀.